Kí Ló Ń Pa Ilé-Iṣẹ́ Bààlúù? Orúkọ Okada Kù Sórí Alùpùpù, Ọkọ̀ Òfurufú Sì Ti Dé Ìperu

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí gbogbo wa mọ̀. Bí èèyàn bá sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ní ìkóríta Ṣàgámù, níbi tí títì Èkó sí Ìbàdàn ti pàdé èyí tó ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde àti Ọrẹ̀, kò ní í tíì gbé ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ tán tí àwọn ọlọ́kadà yóò fi yí i ká. Ọ̀kadà ni gbogbo wa ń pè é, tọmọdé tàgbà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tó ń gùn ún ni kò mọ̀ pé orúkọ bààlúù ni orúkọ tí wọ́n ń jẹ yẹn.

Olóyè Gabriel Igbinedion, Ẹ̀sámà ìlú Benin, ló dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Okada Air sílẹ̀ ní 1983, Okada sì ni orúkọ ìlú rẹ̀. Ní ayé ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ yára, tí kò fẹ́ kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú òun mọ́lẹ̀, Okada Air ni yóò wọ̀. Nígbà tí alùpùpù wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò, tí ó ń gba àárín mọ́tò kọjá fìrì, àwọn aláwàdà ní òun náà ti di Okada. Ilé-iṣẹ́ náà ṣíwọ́ ní 1997. Bààlúù kú, alùpùpù jogún orúkọ. Ẹ ò rí i pé ayé yìí le!

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìtàn àtijọ́ lásán fún àwa ọmọ Rẹ́mọ mọ́. Pápá ọkọ̀ òfurufú Gateway ti wà ní ẹ̀gbẹ́ Ìperu àti Ìlíṣàn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkẹ́nnẹ́. Ìgbà ìjọba Ọ̀túnba Gbenga Daniel, ọmọ Ṣàgámù, tó ṣe gómìnà láti 2003 sí 2011, ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sùn fọnfọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgbà tí Ọmọọba Dapo Abiodun, ọmọ Ìperu, di gómìnà ní 2019 ni wọ́n tó tún jí i. Ní 2025 ni ilé-iṣẹ́ ValueJet bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti ibẹ̀ lọ sí Àbújá. Ká má parọ́, inú wa dùn. Ta ló rò pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí èèyàn yóò jẹ ẹ̀bà tán nílé ní Ọ̀dẹ̀ Rẹ́mọ, tí kò ní í rí Ìkẹjà sójú kí ó tó dé Àbújá?

Ṣùgbọ́n pápá tí bààlúù kò bá balẹ̀ sí, pápá màlúù ni. Nítorí náà ni mo ṣe gbé ìbéèrè kan lé ara mi lórí: kí ló dé tí àwọn ilé-iṣẹ́ bààlúù kan ń kú bí ẹni pé wọ́n fi wọ́n gégùn-ún, tí àwọn mìíràn sì ń gbilẹ̀? Ẹ wo àwọn tó ti lọ ní Nàìjíríà nìkan: Nigeria Airways, Okada Air, ADC, Bellview, Sosoliso, Chanchangi, àti èyí tó ń jẹ́ Virgin Nigeria kí ó tó di Air Nigeria. Bẹ́ẹ̀ èrò kò wọ́n. Ọjọ́ tí wọ́n ń kú lọ gan-an, àwọn èèyàn ṣì ń jà ní pápákọ̀ nítorí tíkẹ́ẹ̀tì.

DÁNFÓ ÀBÚRÒ BÀBÁ MI

Kí n tó dé ojú òfurufú, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilẹ̀. Àbúrò bàbá mi kan ní Mákùn ra dánfó Toyota kan. Òun fúnra rẹ̀ ló ń wà á, Ṣàgámù sí Ọjọ́ta. Bí àkùkọ bá ti kọ, ó ti jáde. Bí ọ̀nà bá dára, ó máa ń lọ ó máa ń bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Owó dánfó yẹn ló san owó ìdánwò WAEC tèmi, kí n má gbàgbé oore.

Nígbà tó rí i pé owó ń wọlé, ó yá owó èlé, ó fi ra ọkọ̀ méjì sí i. Ọ̀kan Mazda, ọ̀kan Volkswagen, nítorí pé ohun tó rí rà nìyẹn. Ó gba dẹ́rẹ́bà méjì. Àna ń wọ ọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ọmọ ẹgbẹ́ ń wọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ìyàwó dẹ́rẹ́bà náà ń wọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí Mazda bàjẹ́, páàtì Toyota kò bá a mu. Ó wà lórí búlọ́ọ̀kù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èlé kò sì bá a dúró lójọ́ kan. Láàárín ìyẹn náà ni wọ́n ṣe òkú ní ilé àna rẹ̀, wọ́n pa màlúù, owó ọkọ̀ ni wọ́n fi pa á. Kò pé ọdún méjì tí ẹni tó yá a lówó fi wá wọ́ ọkọ̀ méjì lọ. Ẹ̀kẹta wà lẹ́yìn ilé títí di òní, adìyẹ ń yé sínú rẹ̀.

Ẹ má fi í ṣẹ̀sín o. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tí orí rẹ̀ pé jù tiwa lọ, ṣe òwò ọkọ̀ èrò àti òwò kòkó ní àwọn ọdún 1930, òwò náà dojú dé mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì kó o sí gbèsè, kí ó tó di pé ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ kọ́ ìmọ̀ òfin. Òwò ọkọ̀ kì í ṣe òwò ẹni tó kàn gbọ́n.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi dánfó mẹ́ta yẹn sọ́kàn. Gbogbo ohun tó pa àbúrò bàbá mi lówó, òun náà ló ń pa àwọn ọlọ́kọ̀ òfurufú. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé dọ́là ni tiwọn.

TI NIGERIA AIRWAYS

Ọdún 1958 ni wọ́n dá a sílẹ̀ lórúkọ WAAC Nigeria, ó sì di Nigeria Airways ní 1971. Àwọn bàbá wa tó lọ sí Mẹ́kà, àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó lọ kàwé ní ìlú òyìnbó, òun ni wọ́n wọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, bààlúù tó ní tó nǹkan bí 30. Ṣùgbọ́n nígbà tí Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí, padà sí ìjọba ní 1999, èyí tó ṣì ń fò nínú wọn kò tó nǹkan. Ní 2003, wọ́n ti ilẹ̀kùn pa.

Níbo ni ọkọ̀ 30 lọ? Kò sí idán níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn ọ̀gá sójà ń wọ ọkọ̀, ilé-iṣẹ́ wọn kò sanwó. Bí mínísítà tuntun bá dé, yóò lé ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́, yóò gbé tirẹ̀ síbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ pọ̀ ju iṣẹ́ lọ, nítorí pé kò sí olóṣèlú tí kò ní ọmọ ẹ̀gbọ́n tó ń wá iṣẹ́. Oríṣiríṣi ọkọ̀ ni wọ́n kó jọ: Boeing 707, 727, 737, 747, DC-10, Airbus A310, Fokker. Oríṣi kọ̀ọ̀kan ló fẹ́ páàtì tirẹ̀, mẹkáníìkì tirẹ̀, awakọ̀ tí wọ́n kọ́ fún un. Toyota, Mazda, Volkswagen nìyẹn lójú òfurufú. Bí ọ̀kan bá lọ sí òkè òkun fún àtúnṣe, tí owó àtúnṣe kò sì sí, ibẹ̀ ni yóò máa gbé.

Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni ti àwọn òṣìṣẹ́. Ọdún 15 lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ kú, ìyẹn 2018, ni ìjọba àpapọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í san nínú owó tí wọ́n jẹ wọ́n. Àwọn tó ti kú kí ó tó di ọjọ́ náà kì í ṣe díẹ̀. Ẹni tó fi ọdún 30 tún bààlúù ṣe, kí ó máa fi ọ̀pá rìn lọ fi ojú hàn pé òun ṣì wà láàyè, nítorí owó tó jẹ́ tirẹ̀!

Àwọn kan yóò wá sọ pé, "Ṣèbí ti ìjọba ni, kò lè ṣe kó má bàjẹ́." Ẹ dúró ná. Ó ń bọ̀ wá kàn yín.

ÈRÈ KÉKERÉ, ÌNÁWÓ RẸPẸTẸ

Èmi náà ti rò pé ẹni tó bá ní bààlúù, owó ni ó fi ń wẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. IATA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ òfurufú àgbáyé, ṣe ìṣirò rẹ̀ ní 2025: bí a bá pín èrè gbogbo wọn sórí èrò, ohun tó ń kù lórí èrò kan kò ju nǹkan bí dọ́là 7 lọ. Àwọn ìyá tó ń ta búrẹ́dì àti ọsàn ní ìkóríta, bóyá ni wọn yóò gbà fún irú èrè bẹ́ẹ̀ lórí ọjà tó wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé àṣìṣe díẹ̀, èrè ti lọ.

Ní ti Nàìjíríà, ọ̀ràn náà tún nípọn sí i. Náírà ni èrò ń san, ṣùgbọ́n owó tí a fi ń háyà bààlúù, dọ́là ni. Páàtì, dọ́là. Ìbánigbófò, dọ́là. Ẹ̀kọ́ tí àwọn awakọ̀ ń lọ kọ́ nínú ẹ̀rọ ìdánrawò lókè òkun, dọ́là. Àyẹ̀wò ńlá tí wọ́n ń tú gbogbo ara bààlúù palẹ̀ fún, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé lọ sókè òkun, ó sì lè gba mílíọ̀nù dọ́là kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ọkọ̀ kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Ká ní ilé-iṣẹ́ kan ń san 200,000 dọ́là lóṣù fún ọkọ̀ tó háyà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ June 2023, dọ́là kan ṣì wà ní nǹkan bíi ₦460 ní báńkì. Owó náà jẹ́ mílíọ̀nù ₦92. Ìjọba tú náírà sílẹ̀ ní oṣù náà. Nígbà tí dọ́là dé ₦1,500 ní 2024, owó kan náà ti di mílíọ̀nù ₦300. Ọkọ̀ kò pọ̀ sí i, ìjókòó inú rẹ̀ kò pọ̀ sí i. Ṣé ẹ lè sọ owó tíkẹ́ẹ̀tì di ìlọ́po mẹ́ta lóòjọ́ kan kí èrò má sá? Bí ó bá sì fẹ́ yáwó ní báńkì ilé, èlé tí ilé ìfowópamọ́ àgbà fi lélẹ̀ fún àwọn báńkì ní ìparí 2024 jẹ́ 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ti báńkì fúnra wọn sì lé ní 30. Àwọn tó ń bá a figagbága láti òkè òkun ń yá tiwọn ní èyí tí kò tó ìdajì ìdajì rẹ̀.

Epo náà ń bẹ níbẹ̀. Ní March 2022, nígbà tí ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine mú epo gbówó lórí, àwọn ọlọ́kọ̀ ní Nàìjíríà ń pariwo. Nígbà tó fi di May, wọ́n ní epo bààlúù ti dé ₦700 fún lítà kan, wọ́n sì kéde pé àwọn yóò dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 9, kí wọ́n tó bẹ̀ wọ́n. Ẹ rántí pé àwa tí a wà ní Ṣàgámù, ibi ìkóposí Mósímí wà létí wa. Epo ń kọjá lábẹ́ ilẹ̀ wa, ìyẹn kò ní kí ó wọ́n kéré fún wa. Ilé ìfọpo Dangote ti ń ṣe epo bààlúù láti 2024, ìyẹn sì mú kí ríra rẹ̀ rọrùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iye rẹ̀ ṣì ń tẹ̀lé ti ọjà àgbáyé.

Àwọn òyìnbó pàápàá jẹ nínú ìyà dọ́là yìí. Emirates kó tíkẹ́ẹ̀tì tà ní náírà, kò rí dọ́là kó lọ ilé. Ó pa Èkó tì ní ìparí 2022, ó di October 2024 kí ó tó padà.

BÀALÚÙ TÓ JÓKÒÓ

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ wa kò fiyè sí. Bààlúù kì í pa owó nígbà tó bá wà nílẹ̀. Owó háyà rẹ̀ ń ka, èlé ń ka, awakọ̀ ń gba owó oṣù, ó sì tún ń san owó ibi tó dúró sí. Dánfó tó lọ Ọjọ́ta lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ àti èyí tó lọ lẹ́ẹ̀mẹta, owó tí wọ́n fi rà wọ́n lè jẹ́ bákan náà, ṣùgbọ́n ilé wọn kò lè rí bákan náà.

Ilé-iṣẹ́ Southwest ní Amẹ́ríkà ló kọ́ ayé ní èyí. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1971 pẹ̀lú bààlúù mẹ́ta péré, Boeing 737, títí di òní sì rèé, 737 nìkan ló ń lò. Awakọ̀ èyíkéyìí lè wa ọkọ̀ èyíkéyìí, páàtì kan bá gbogbo wọn mu. Nígbà kan tí owó tán lọ́wọ́ wọn, wọ́n ta ọ̀kan nínú ọkọ̀ mẹ́rin tí wọ́n ní, síbẹ̀ wọn kò dín ìrìn wọn kù. Wọ́n kàn ń rí i dájú pé bí ọkọ̀ bá balẹ̀, kí èrò sọ̀, kí òmíràn wọlé, kí ó sì gbéra láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó fi ọdún tó lé ní 40 jẹ èrè láìsinmi, títí àrùn Kòrónà fi dé ní 2020.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa ńkọ́? Ọ̀pọ̀ pápákọ̀ wa ni kò ní iná lójú ọ̀nà ìgúnlẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọ́n ti tì í. Ọkọ̀ tó yẹ kó rìn di aago mẹ́wàá alẹ́ yóò sùn ní aago méje. Ọyẹ́ dé, kò rí ọ̀nà, ó dúró. Ọ̀gá ńlá kan pẹ́ kí ó tó dé, ó dúró. Mo ti wọ̀ ọ́ rí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní aago mẹ́jọ àárọ̀, a gbéra ní aago méjì ọ̀sán. Kò sí ẹni tó bẹ̀ wá. Ohun tí mo ń rò nígbà náà ni bí ebi ṣe ń pa mí. Ìgbà tí mo ń kọ èyí ni mo tó mọ̀ pé wákàtí mẹ́fà yẹn ń jẹ àwọn náà níṣu tán.

ÈYÍ TÓ Ń DÀGBÀ KÍÁ, Ẹ YẸ ÌDÍ RẸ̀ WÒ

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà. Gbogbo wa máa ń rò pé ilé-iṣẹ́ tó ń kó ọkọ̀ tuntun jọ ni ó ń ṣe dáadáa. Ẹ wo Arik Air. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fò ní 2006 pẹ̀lú ọkọ̀ tuntun nini. Kò pẹ́ tó fi ní ọkọ̀ tó lé ní 20, ó ń lọ Lọ́ńdọ̀nù, ó ń lọ New York, ó ń lọ Johannesburg. Ilé-iṣẹ́ tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀ kíá kò wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ wa. Ní February 2017, AMCON, àjọ ìjọba tó ń gba gbèsè tó ti bàjẹ́ ní báńkì, wá gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, wọ́n ní gbèsè rẹ̀ lé ní ₦300 bílíọ̀nù. Ọdún kan ṣáájú ni wọ́n ti gba Aero Contractors bákan náà. Ọkọ̀ tí a ń wò tí a ń pàtẹ́wọ́ fún, gbèsè ló ń fò lókè yẹn.

Virgin Nigeria náà, 2005 ló bẹ̀rẹ̀, ti òun ti Richard Branson tí gbogbo ayé mọ̀. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn àti ìjọba lórí ibi tí wọn yóò ti máa gbé èrò ní Èkó. Òyìnbó bínú kúrò. Orúkọ yí padà lẹ́ẹ̀mejì. Ní September 2012, ó ti parí. Ọdún méje.

Àmọ́ àwọn jàǹbá náà wà. Ẹ ò ní í gbàgbé October 22, 2005, nígbà tí ọkọ̀ Bellview já sí abúlé Lísà ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí, tí èèyàn 117 ṣègbé. Ní December ọdún náà, ti Sosoliso ṣẹlẹ̀ ní Port Harcourt, ọmọ ilé-ìwé ló pọ̀ nínú wọn. Ní October 2006, ti ADC gba ẹ̀mí Sultan Maccido ní Àbújá. Ní June 3, 2012, ti Dana já sí orí ilé ní Ìjù-Ìṣàgá, gbogbo èèyàn 153 inú rẹ̀ ló lọ, pẹ̀lú àwọn mìíràn nílẹ̀. Mi ò sọ pé àìlówó ló fa ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ìwádìí kálukú ní tirẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò sí èyí tó padà rí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ nínú ilé-iṣẹ́ mẹ́rin yìí. Dana ló tiẹ̀ pẹ́ jù, ìjọba sì dá a dúró ní April 2024 nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà ìgúnlẹ̀ ní Èkó.

ÀWỌN TÓ Ń LÀ Á JÁ

Ẹ̀yin tí ẹ ní ti ìjọba kò lè dára, ẹ wá gbọ́. Ethiopian Airlines, ti ìjọba ni látòkèdélẹ̀. December 1945 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ó dàgbà ju Nigeria Airways lọ, ìlú rẹ̀ kò sì ní epo rọ̀bì bíi tiwa. Ìyàn mú níbẹ̀, ogun jà níbẹ̀, wọ́n lé ọba, sójà gba ìjọba. Síbẹ̀, lónìí ọkọ̀ rẹ̀ ti lé ní 140. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n gba àwọn Amẹ́ríkà ti TWA láti kọ́ wọn níṣẹ́, wọ́n sì kọ́ iṣẹ́ náà lóòótọ́. Wọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ awakọ̀ àti ti mẹkáníìkì tiwọn ní Addis Ababa, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tún ọkọ̀ wọn ṣe, wọ́n tún ń tún ti ẹlòmíràn ṣe, owó ń wọlé. Wọ́n ń kó òdòdó àti ẹrù lọ sí Yúróòpù. Ìjọba ló ni ín, ṣùgbọ́n mínísítà kì í wá sọ fún wọn ibi tí ọkọ̀ yóò gbà.

Ní Lómé, nílẹ̀ Tógò níbí, ASKY bẹ̀rẹ̀ ní January 2010. Ìgbà tí Air Afrique kú ní 2002 ni ojú ọ̀nà ṣófo. Orílẹ̀-èdè 11 ló dá Air Afrique sílẹ̀ ní 1961, gbogbo wọn ló sì ń jẹun nínú rẹ̀ títí àwo fi gbẹ. ASKY mú Ethiopian lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ títí di báyìí, ó ń gbé àwọn ìyá alájàpá wa lọ bọ̀.

Bí Addis bá jìn jù, ẹ wo Uyo. Ìjọba ìpínlẹ̀ Akwa Ibom ló ni Ibom Air, June 2019 ló sì bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ọkọ̀ mẹ́ta, oríṣi kan náà, CRJ900. Ohun tí àwọn èrò mọ̀ ọ́n sí ni pé aago tó bá dá ló ń lọ. Gómìnà wọn ra ọkọ̀ ó sì fi í lé àwọn tó mọ iṣẹ́ lọ́wọ́. Overland, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, kò pariwo rí, ọkọ̀ kéékèèké ló fi ń lọ sí ìlú tí àwọn ńlá kò kà sí, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi í ṣẹ̀sín ló ti wọlẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Ní ti Air Peace, tí òun ló ń gbilẹ̀ jù ní Nàìjíríà báyìí, 2014 ló bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Ní September 2019, ó lọ kó àwọn ọmọ Nàìjíríà wálé lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí wọ́n ń lé wọn ní South Africa. Ní March 30, 2024, ó bẹ̀rẹ̀ Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù, àwọn òyìnbó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ owó tíkẹ́ẹ̀tì tiwọn kalẹ̀. Gbogbo wa dìde, a pàtẹ́wọ́. Èmi náà pa á. Ṣùgbọ́n oríṣi ọkọ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti pọ̀, èmi tí mo rí ti Arik kò lè ṣe kí àyà mi má já díẹ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n bá àwọn ará iwájú lọ.

Ìjọba àpapọ̀ ńkọ́? Ní July 2018, wọ́n gbé orúkọ Nigeria Air jáde ní ìlú òyìnbó, pẹ̀lú àwọ̀ aláwọ̀ ewé. Ní May 26, 2023, ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ìjọba parí, wọ́n gbé ọkọ̀ Ethiopian tí wọ́n kùn lọ́dà wá sí Àbújá fún wa láti wò. Ọkọ̀ náà padà sílé. Mi ò ní ọ̀rọ̀ lórí ìyẹn.

Ó WÁ KU ÀWA NÍ RẸ́MỌ

Láti Ìperu dé Ìkẹjà, bí ọ̀nà bá dá, kò tó wákàtí méjì. Ìbàdàn náà ní pápákọ̀ tirẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ kí a wọkọ̀ ní Ìperu gbọ́dọ̀ fún wa ní ohun tí Ìkẹjà kò fún wa, ìyẹn aago tó dájú. Àwọn tó lè wọ̀ ọ́ wà: àwọn òbí tó ní ọmọ ní Babcock ní Ìlíṣàn, àwọn dókítà ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ OOUTH ní Ṣàgámù, àwọn iléeṣẹ́ tó kún ẹ̀gbẹ́ ìkóríta, àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀bú. Wọn kò pọ̀ tó láti kún ọkọ̀ ńlá. Ọkọ̀ tí kò tó ọgọ́rùn-ún ìjókòó, irú èyí tí ValueJet ń lò, ló tọ́ sí wa.

Ti ẹrù oko tí wọ́n torí rẹ̀ pe pápá náà ní ti ọ̀gbìn, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Obì Ṣàgámù tó ń lọ sí òkè Ọya kò ní í wọ bààlúù láéláé, obì kì í yára bàjẹ́, ọkọ̀ ẹrù tó ń gbéra ní Sábó kò wọ́n tó ti òfurufú. Ohun tó bá ń yára bàjẹ́ tó sì lówó lórí, bí ẹ̀fọ́, ata tútù, àti èso, ni ó lè san owó bààlúù, ìyẹn sì fẹ́ ilé amóhuntutù, ìwé àyẹ̀wò tí òyìnbó yóò gbà, àti àgbẹ̀ tó lè kó ọjà wá lójoojúmọ́, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ṣé a ti ní in? Àwọn tó ń ṣàkóso ibẹ̀ ló yẹ kó dá wa lóhùn.

Mo tún ń gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ ọ́ ní ilé ọtí pé kí ìpínlẹ̀ Ògùn náà ní bààlúù tirẹ̀ bíi ti Akwa Ibom. Kò burú. Kí wọ́n kàn sọ fún wa kí wọ́n tó rà á: oríṣi ọkọ̀ mélòó? Náírà ni àbí dọ́là la fi yá a? Àwọn wo ni yóò wọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́?

Àbúrò bàbá mi ti ń gun ọ̀kadà báyìí, láti ìkóríta lọ sí Mákùn. Ní ọjọ́ kan, mo ní kí ó gbé mi lọ sí Ìperu kí n lè wo bààlúù fún ìròyìn yìí. A dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ọkọ̀ náà dìde, ó yí apá sí ìhà àríwá, oòrùn ń tàn sí i lára, àwọn ọmọ kéékèèké ń juwọ́ sí i. Bàbá náà kò juwọ́. Ó wò ó títí tó fi wọ inú ìkùukùu, ó wá yíjú sí mi.

Ó ní, "Ìrìn mélòó ló ń rìn lóòjọ́?"